Ojú Ewé Òfìfo: Bí A Ṣe Rí Ìdí Tí Àwọn Ọmọ SS3 Wa Fi Ń Féèlì Gẹ̀ẹ́sì WAEC

Àlàájà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí èsì WAEC jáde nínú oṣù Kẹjọ. Òun ni igbákejì ọ̀gá àgbà tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́. Ọmọ Ọ̀fà ni, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń kọ́ ọmọ ní Abuja. Ó na ìwé kan sí mi tó ti fi bíírò pupa fa ìlà sí káàkiri. "Tíṣà, ẹ jókòó ná. Ẹ wo ohun tí a kó wálé." Nínú ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá tó ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, agbára káká ni mẹ́ta fi ní kírẹ́dítì. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tó gba 251 nínú 400 lọ́dọ̀ JAMB, D7, tí kò tó kírẹ́dítì, ló ní nínú Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀ ti wá láàárọ̀ ọjọ́ náà láti béèrè bóyá ọ̀nà kan wà tí ọmọ òun fi lè wọ yunifásítì lọ́dún yẹn. Kò sí. Àlàájà ní bí òun ṣe ń sọ ọ́ fún un, ojú ń ti òun bí ẹni tó jí nǹkan.

Mo fẹ́ kọ bí ọdún tó tẹ̀ lé e ṣe rí sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń bá pàdé ní Nyanya, ní Gwagwalada, títí dé Kaduna, ohun kan náà ló ń bá wọn fínra. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ni, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bwari. Àwọn ọmọ Gbagyi tí ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ti àwọn bàbá wọn wà níbẹ̀, ọmọ Hausa, Tiv, Igala àti Igbo náà wà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ àwa Yorùbá tó wá ṣòwò tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Kíláàsì SS3 jẹ́ mẹ́fà, nǹkan bí ọgọ́rin ọmọ sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ wọn jẹ́ mẹ́ta.

Nígbà tí a wọlé nínú oṣù Kẹsàn-án, a ṣe ìpàdé. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìdí rẹ̀, tàbí kí n sọ pé kò sẹ́ni tí kò rò pé òun mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ní Hausa àti Píjìn ni àwọn ọmọ ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́, níbo ni Gẹ̀ẹ́sì yóò ti wá? Ẹlòmíràn ní láti JSS ni ìpìlẹ̀ wọn kò ti dúró. Wọ́n dá fóònù lẹ́bi. Èmi sọ tèmi, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú: mo ní abala ìró ohùn ló ń pa wọ́n. Mo ti ń gbọ́ bí àwọn tó ń sọ Hausa nílé ṣe máa ń pààrọ̀ /p/ sí /f/, mo sì mọ bí àwa Yorùbá náà ṣe máa ń gbé /h/ mì. Lónìí mo mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn àlàyé yẹn. Ìró ohùn ni mo mọ̀ ọ́n kọ́ jù.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní lọ́wọ́ ni ẹ̀rí. Èsì WAEC kì í sọ ibi tí ọmọ ti ṣubú. Láti A1 dé F9, àmì kan ṣoṣo ló máa ń wà níwájú Gẹ̀ẹ́sì, ó parí. Bẹ́ẹ̀, ìdánwò náà ní abala mẹ́ta. Èkíní jẹ́ ìbéèrè A sí D, 80 ni wọ́n, máàkì 40 ló wà fún wọn. Èkejì ni ti ìkọ̀wé: àròkọ ní máàkì 50, àkàyé ní 20, sọ́márì, ìyẹn kíkó kókó àyọkà jọ ní ọ̀rọ̀ ara ẹni, ní 30, wákàtí méjì sì ni ọmọ yóò fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti ìró ohùn, ìbéèrè 60 fún máàkì 30. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 170. Ọmọ tó gba D7 lè ti ṣubú níbikíbi nínú wọn, àwa sì ti jókòó yí tábìlì ká, a ń dárúkọ àrùn láìwo aláìsàn.

Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni a kọ́kọ́ dáwọ́ lé. PTA, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ra ìwé ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá fún wa, a sì ń kọ́ wọn láti aago méjì sí mẹ́rin. Ìbéèrè A sí D ni à ń ṣe lójoojúmọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, àwọn ọmọ tó ti ń gba 30 nínú 80 ti ń gba 45, 50. Mo gbé èsì náà lọ bá Àlàájà bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun lọ han ẹbí. Ó yọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ó ní kí a ṣe ìdánwò mọ́ọ̀kì tó pé, abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a sì fi aago lé e bí WAEC ṣe máa ń ṣe. A ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Nígbà tí a ṣírò àpapọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti ọdún tó kọjá. A ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Àlàájà ló ní kí a gbàgbé àpapọ̀ máàkì. Ó ní ìyàwó ilé tó bá fẹ́ mọ ibi tí owó ọbẹ̀ ń gbà lọ kò ní wo àpapọ̀ rẹ̀, yóò wo ti ẹran lọ́tọ̀, ti epo lọ́tọ̀, ti ata lọ́tọ̀. A mú ìwé mẹ́wàá láti inú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 60. A kò ṣà wọ́n, bí ọwọ́ ṣe bà wọ́n la ṣe mú wọn. A fa ìlà sórí bébà gbọọrọ kan, a fún apá kọ̀ọ̀kan nínú ìdánwò náà ní àyè tirẹ̀, a sì tẹ́ ìwé sílẹ̀ káàkiri ọ́fíìsì títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré ni. Bí a bá ti ṣe é nínú oṣù Kẹsàn-án, a kì bá ti ṣe ohun tí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ṣe.

Ìró ohùn tí mo fi gbogbo ẹnu sọ wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa jù. A sí D ti gbéra. Àròkọ wà láàárín méjì. Àkàyé kò lágbára. Nígbà tí a dé ibi sọ́márì, Àlàájà dákẹ́, ó ń ṣí ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Nínú 60, ìwé 24 ló jẹ́ òfìfo níbẹ̀. Ọmọ kò kọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tó kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbé odidi gbólóhùn láti inú àyọkà wá sórí ìwé bó ṣe wà, èyí tí kì í gba máàkì kankan. Àwọn tó gba ju 10 lọ nínú 30 kò ju márùn-ún lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọmọ tó bá fi sọ́márì sílẹ̀ ti sọ máàkì 30 nù nínú 170 kí ẹnikẹ́ni tó ka nǹkan mìíràn tó kọ. Bí yóò bá dé ìdajì, ìyẹn 85, inú 140 tó kù ni yóò ti wá a. Ọmọ tó já fáfá lè ṣe é. Ọmọ tí kò já fáfá, D7 ni.

Mo bi àwọn ọmọ náà léèrè. Ọ̀pọ̀ ní àkókò ló tán, àròkọ ló gba wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ kíákíá, nítorí ó rọrùn láti tún ṣe: mo ní kí wọ́n má ṣe ju ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lọ lórí àròkọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo fún wọn ní sọ́márì nìkan, mo sì fún wọn ní wákàtí kan gbáko. Àkókò ṣẹ́kù. Wọ́n ṣì ń da gbólóhùn àyọkà kọ.

Mo bá ní kí gbogbo ẹni tó bá ní àkọsílẹ̀ kankan lórí sọ́márì kó o wá. Ọmọbìnrin kan kó gbogbo ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ láti SS1 dé, ó fi ọ̀rá wé wọn, ó mọ́ tónítóní. Ìtumọ̀ sọ́márì wà níbẹ̀, ó dà á kọ dáadáa láti ojú pátákó. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe wà níbẹ̀, ohun tí kò yẹ náà wà níbẹ̀. Sọ́márì gan-an, kò sí ẹyọ kan. Láti SS1 títí di oṣù Kejìlá ọdún kẹta, kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ yìí kọ sọ́márì kan kí òun sì kà á. Àròkọ mẹ́rin ló wà nínú àwọn ìwé náà. Lábẹ́ mẹ́ta nínú wọn, olùkọ́ fi bíírò pupa kọ "Seen" pẹ̀lú ọjọ́. Ọwọ́ mi ni méjì nínú rẹ̀. Mo jókòó ti ìwé yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ náà kọ nípa àgbàrá òjò tó wọ ilé wọn, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Mi ò kà á rí títí di ọjọ́ yẹn.

Mi ò fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí rò pé ọ̀lẹ ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àròkọ kan tó tó 450 ọ̀rọ̀ máa ń gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́fà bí mo bá fẹ́ kà á bó ṣe yẹ. Ọmọ 480 lọ́nà ìṣẹ́jú mẹ́fà jẹ́ wákàtí 48. Bí a bá pín in sí mẹ́ta, wákàtí 16 ni olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi ka àròkọ ẹyọ kan ṣoṣo, SS1 àti SS2 kò tíì sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kíkọ́ gan-an. Kò sẹ́ni tó pinnu pé kí a má ṣe kọ́ wọn ní ìkọ̀wé. Ohun tí apá wa kò ká láti kà ni a dẹ́kun láti máa béèrè, díẹ̀díẹ̀, láìsọ ọ́ síta. Nígbà tí ìṣòro dé, A sí D tí a lè fi ojú kan máàkì ni a tún sáré gbá mú. Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ wa tọ ibi tó rọrùn fún wa, kò tọ ibi tó ń dun ọmọ.

Mo sọ gbogbo èyí fún Àlàájà, pẹ̀lú ìṣirò náà. Mo ní, "Àlàájà, mi ò rí bí a ṣe fẹ́ kà á."

Ó ní, "Tíṣà, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ẹ ò bá lè ka ojú ewé, ẹ ka gbólóhùn kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ọdún náà fi yí padà. Láti oṣù Kìíní, a ya ewé ìwé kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ń gba bébà kékeré kan ní gbogbo ìgbà tí a bá ní Gẹ̀ẹ́sì. A ó ka ìpínrọ̀ kúkúrú, a ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan, wọn ó fi gbólóhùn kan péré dáhùn, wọn ó sì jù ú sínú páálí lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n bá ń jáde. Gbólóhùn kan kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ láti kà. Ọgọ́rin bébà, ogún ìṣẹ́jú. Àmì mẹ́ta péré ni à ń lò: ó tọ̀nà, o dà á kọ, kò tíì pé gbólóhùn. Ohun tí a kò gbà kí ó yẹ̀ ni pé bébà náà gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ ọmọ ní ọjọ́ kejì.

Àpẹẹrẹ kan rèé, kí ẹni tí kì í ṣe olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè rí i. Ìpínrọ̀ náà sọ pé nígbà tí ẹ̀rọ omi ti dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko, tí àwọn ará àdúgbò sì ti kọ lẹ́tà títí tó fi sú wọn, ojú mẹ́rúwà tó ń ta omi kiri ni gbogbo wọn wá ń wò. A bi wọ́n pé: kí ló jẹ́ kí wọ́n máa ra omi? Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ á kó oṣù mẹ́ta, lẹ́tà àti mẹ́rúwà pọ̀, á dà wọ́n sórí bébà. Òmíràn á kọ "nítorí ẹ̀rọ omi," kò sí ọ̀rọ̀ ìṣe. Ohun tí à ń wá ni: ẹ̀rọ omi wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Lójoojúmọ́, mo máa ń kọ mẹ́ta nínú èyí tí kò dára sójú pátákó láìdárúkọ ẹni tó ni ín, kí gbogbo kíláàsì jọ tún un ṣe. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ gidi ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí gbogbo ọmọ ló ń wò bóyá tòun ni.

Kò lọ geerege. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta a rí i pé àwọn tó jókòó pọ̀ ń kọ gbólóhùn kan náà, a bá ń fún ìlà ìjókòó kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀. Èyí tó dùn wá jù ni ti ìpàdé PTA, nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ fún WAEC kò tíì parí. Bàbá kan dìde, ó ní, "Àlàájà, ẹ má bínú sí mi o. Àbúrò ọmọ yìí ń bọ̀ lẹ́yìn, mi ò lówó ọdún méjì. Wọ́n ní ibì kan wà tí wọ́n ti máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn." Gbogbo wa mọ ohun tí ó ń sọ: ibi tí wọ́n ti ń ṣe màgòmágó ìdánwò. Àlàájà kò bínú sí i. Ó ní, "Bàbá wa, mo gbọ́ yín. Bí wọ́n bá fagi lé èsì ibẹ̀, ọdún méjì yẹn náà ni. Bí wọn ò bá sì fagi lé e, tí ó wọ yunifásítì, ta ni yóò máa bá a kọ̀wé níbẹ̀?" Ọ̀pọ̀ òbí gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá náà mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ọmọ 14 ló kúrò lọ́wọ́ wa lóṣù yẹn. Mo rò pé bí a bá ti ní ohun kan láti fi han àwọn òbí náà ní oṣù Kọkànlá, ju ìdánilójú ẹnu lọ, díẹ̀ nínú wọn ì bá ti dúró.

Fún odidi àròkọ, a nílò ojú sí i. Àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ti Abuja wà ní Kubwa, ìjọba sì ti pín mẹ́rin nínú wọn sí ilé ẹ̀kọ́ wa. A ní kí wọ́n bá wa ka àròkọ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lóṣù. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo bẹ ẹ̀gbọ́n kan láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tó máa ń bá WAEC máàkì. Ó fún àwa méjèèje ní àròkọ kan náà láti máàkì. Ẹnì kan fún un ní 38 nínú 50, ẹlòmíràn fún un ní 19. Yàrá náà pa lọ́lọ́. Ọmọ kan náà, ìwé kan náà. Ẹ̀gbọ́n yẹn mú wa padà sí bí wọ́n ṣe pín máàkì: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún bó ṣe sọ ọ́, 10 fún àṣìṣe sípẹ́lì, àmì àti gírámà, níbi tí wọ́n ti ń yọ ìdajì máàkì fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan títí 10 yóò fi tán. Ẹni tó fún un ní 38 ń máàkì ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára. Ẹni tó fún un ní 19 ń fìyà àṣìṣe kan jẹ ọmọ ní ibi méjì. Ó gbà wá ní ìjókòó mẹ́ta kí a tó fẹnu kò, tí ìyàtọ̀ wa kò fi ju máàkì márùn-ún lọ mọ́. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, èyí tí a ń pè ní máàkì nílé ẹ̀kọ́ wa wà lọ́wọ́ ẹni tí ìwé ọmọ bá bọ́ sí lọ́wọ́.

Láàárín èyí, ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta lọ bímọ, kò sì sí ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni kíláàsì méjì rẹ̀ fi wà láìsí bébà. Àwa méjì yòókù wọlé síbẹ̀ láti kọ́ wọn, ṣùgbọ́n agbára láti ka 160 bébà sí i kò sí. Nígbà tí a ṣe mọ́ọ̀kì kejì nínú oṣù Kẹta, a tún tẹ́ ìwé 60 sílẹ̀, a fa ìlà bíi ti àkọ́kọ́. Òfìfo tó wà níbi sọ́márì ti dín sí mẹ́ta. Nínú kíláàsì mẹ́rin tí bébà kò já, ọ̀pọ̀ ọmọ ń gba 15, 20. Nínú méjì tó já, wọ́n ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dà á kọ, máàkì wọn kò tó ìdajì ti àwọn yòókù. Ìwé kan náà ni gbogbo wọn ní, àlàyé kan náà ni wọ́n gbọ́. Ẹni tí yóò ka ohun tí wọ́n kọ ni wọn kò rí. A kò gbèrò ìfiwéra yẹn, ó sì dùn mí pé àwọn ọmọ yẹn ni a fi rí i. A pín kíláàsì méjèèjì fún àwọn agùnbánirọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Nínú oṣù Kẹjọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́fà nínú ọmọ mẹ́wàá ló ní kírẹ́dítì Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọkùnrin tó ní D7 yẹn forúkọ sílẹ̀ fún NECO, ìdánwò mìíràn tó jọ ti WAEC, ó sì ń wá jókòó sẹ́yìn SS3 láàárọ̀ láti gba bébà tirẹ̀. C5 ló ní. Bàbá rẹ̀ pè mí lórí fóònù, kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Mi ò lè sọ pé bébà nìkan ló ṣe é. A sí D tí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ṣe ní ipa tirẹ̀ nínú àpapọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Àwọn ọmọ SS3 ọdún kan kò sì rí bákan náà pẹ̀lú ti ọdún kejì. Ohun tó dá mi lójú ni ohun tí ojú ewé fi hàn wá. Nítorí náà, olùkọ́ tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bébà. Ó ṣeé ṣe kí ti ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ má jẹ́ sọ́márì rárá. Kí ó kọ́kọ́ tẹ́ ìwé sílẹ̀, kí ó ya apá kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ó sì wo ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta láti SS1. Àti pé kí ó má dúró di SS3 bíi tiwa. Páálí ti wà lẹ́nu ọ̀nà SS1 báyìí.

Ìṣirò kò gbéra rárá. Nítorí rẹ̀, iye ọmọ tó ní kírẹ́dítì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, èyí sì ń dun Àlàájà, tí ọdún méjì péré kù fún kí ó fẹ̀yìn tì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ Ìṣirò wá bá mi ní yàrá olùkọ́, ó béèrè pé kí ni gbólóhùn kan nínú Ìṣirò. Mi ò ní ìdáhùn fún un. A ti kó ìwé mọ́ọ̀kì 60 jáde, a sì ti fa ìlà sórí bébà gbọọrọ: àyè kan fún ìbéèrè A sí D, àyè márùn-ún fún ìbéèrè tó pọndandan, ìyókù fún èyí tí ọmọ máa ń yàn fúnra rẹ̀. Ọjọ́rú, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde, ọ́fíìsì Àlàájà ni a ó tẹ́ wọn sí.